Ènì Tí Kò Sí Nínú Rìsíìtì

                                                            Ojúlé Kẹtàdínlógún,
                                                            Ìsàlẹ̀ Gángan,
                                                            Èkó.
                                                            Ọjọ́ kẹrin, oṣù kọkànlá, ọdún 1990.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, Adéyẹmí,

Báwo ni Iléṣà? Ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dun Màmá nígbà tí mo wá kí yín lọ́jọ́sí ti fúyẹ́ díẹ̀? Mo gbọ́ pé Fìyìnfólúwa ti wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́. Inú mi dùn gan-an, Ọlọ́run á jẹ́ kó ṣe é já. Ẹ kú ìtọ́jú wọn, ẹ sì kú ọ̀gbẹlẹ̀ tó ń wọlé bọ̀ yìí.

Ní tiwa níhìn-ín, ara le, a dúpẹ́. Ganiat ìyàwó mi ní kí n kí ọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ kò bá mi sọ̀rọ̀ púpọ̀ láti ọjọ́ Jímọ̀. Ìdí rẹ̀ wà nínú lẹ́tà yìí. Ṣàíbù awakọ̀ tó ń na Iléṣà ló bá mi mú un bọ̀, ó sì tún mú ìdì kékeré kan tí mo fi aṣọ dúdú dì dáadáa. Mo bẹ̀ ọ́, má tíì tú ìdì yẹn. Gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ka lẹ́tà tán ná. Mo mọ̀ pé ọwọ́ rẹ kì í gbọ́ràn, ṣùgbọ́n fún ẹ̀ẹ̀kan yìí, gbà fún mi.

Adéyẹmí, ẹ̀rù ń bà mí. Mo ti wá ọ̀nà tí mo lè gbà sọ ọ́ tí kò fi ní dà bí ọ̀rọ̀ ọmọdé, n kò rí i, nítorí náà mo sọ ọ́ bó ṣe wà. Bí mọ́tò bá dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù, àyà mi á já, màá rò pé ọlọ́pàá ni. Lánàá mo ń yí ẹsẹ̀ àga lórí ẹ̀rọ léèdì, ọkàn mi lọ síbòmíràn, mo yí i títí ó fi tín-ín-rín jù, ó sì kán mọ́ mi lọ́wọ́. Èmi Mọ̀núrù! O mọ̀ pé irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ sí mi rí látìgbà tí a ti gba fíríìdọ́ọ̀mù lọ́wọ́ ọ̀gá wa.

O rántí bààlúù tó já nínú oṣù karùn-ún, èyí tó ń lọ sí Kánò. Bó ṣe gbéra nílẹ̀ báyìí, kò tíì ga ju igi àgbọn lọ, ló padà wá sílẹ̀ sínú ẹrọ̀fọ̀. Ènìyàn mẹ́sàn-án ló kú, ọ̀gá páílọ́ọ̀tì sì wà lára wọn. Ubaydullah tó ń ta léèsì ní Ìdúmàgbò, tí ilé rẹ̀ jẹ́ ìkẹta sí tiwa, wà lára wọn pẹ̀lú. O mọ̀ ọ́n, òun ló ta léèsì tí ìyàwó rẹ wọ̀ níbi ìsìnkú Bàbá. Mo lọ síbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ rẹ̀. Mo jẹ sàárà, mo ṣe àmín. Nígbà tí àwọn kan sì ń ṣépè pé Ọlọ́run kò ní fojú re wo ẹni tó bá lọ́wọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí, àmín tèmi ló ròkè jù.

Igbákejì páílọ́ọ̀tì kò kú. Ọmọ Ìta Fájì ni, Olúwafẹ́mi lorúkọ rẹ̀, kò tíì ju ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n lọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún kán sí méjì. Kò tíì kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù tí wọ́n fi ka ẹ̀sùn sí i létí pé àìbìkítà rẹ̀ ló pa ènìyàn mẹ́sàn-án. Wọ́n ti gba onídùúró rẹ̀ báyìí, ó sì wà nílé ìyá rẹ̀ tó ń dúró de ọjọ́ ẹjọ́.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí wọ́n ní ó ṣe fún ọ, bí wọ́n ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún èmi náà. Níwájú ibi tí àwọn páílọ́ọ̀tì máa ń jókòó sí, ọ̀pá kéékèèké méjì wà tó sún mọ́ra. Ọ̀kan ni wọ́n fi ń kó táyà bààlúù sínú ikùn rẹ̀, àwọn a máa pe ìyẹn ní ẹsẹ̀. Èkejì ni wọ́n fi ń darí pátákó kan tó wà lẹ́yìn ìyẹ́, tó ń ran bààlúù lọ́wọ́ láti dúró lókè nígbà tí eré rẹ̀ kò tíì pọ̀. Bó bá ti gbéra, ọ̀gá á ní kí igbákejì kó ẹsẹ̀ sókè. Bí igbákejì bá wá lọ fa ti ìyẹ́ dípò ti ẹsẹ̀, bààlúù á wálẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà nìyẹn. Ọmọ náà fa èyí tí kì í ṣe òun.

Ṣùgbọ́n àwọn òyìnbó tó ṣe bààlúù yẹn kò gọ̀. Wọ́n mọ̀ pé ojú páílọ́ọ̀tì á wà níta lásìkò yẹn, pé ọwọ́ nìkan ló máa wá ọ̀pá lọ. Nítorí náà ni wọ́n ṣe fi ìdìmú róbótó sórí ọ̀pá ẹsẹ̀, ó rí bíi táyà kékeré, tí wọ́n sì fi èyí tó pẹlẹbẹ bí ìyẹ́ sórí ọ̀pá kejì. Ọwọ́ tó bá ti mọ iṣẹ́ kò ní ṣi wọ́n mú. Adéyẹmí, n kò mọ gbogbo èyí nígbà náà. Mo fi Ọlọ́run búra fún ọ pé n kò mọ̀.

Ní ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tí bààlúù yẹn já, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Fúnṣọ́ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Òun ló ń tọ́jú sítọ́ọ̀ iléeṣẹ́ tó ni bààlúù náà, orúkọ wọn ni lọ́yà kan tí màá sọ̀rọ̀ rẹ̀ níwájú ti ní kí n má ṣe kọ sínú lẹ́tà kankan. Ó mú ìdìmú róbótó kan tó ti là sí méjì dání, ó ní àwọn tó ń tà á lókè òkun ní ó di oṣù mẹ́ta kí òmíràn tó dé. Ó ní ṣé mo lè ṣe irú rẹ̀. O mọ̀ mí. Bí ènìyàn bá ti bi mí pé ṣé mo lè ṣe é, orí mi ti wú. Mo ra ike líle dúdú tí wọ́n ń gé tà ní Ìdúmàgbò, mo yí i, mo fi yanrìn pépà dán an títí tó fi ń kọ mọ̀nà. Nígbà tí mo parí, ike tó ṣẹ́kù tó ọ̀kan sí i. O sì mọ bí ọ̀gá wa Bùsàrí ṣe kọ́ wa, pé oníbàárà kò gbọdọ̀ kúrò lọ́dọ̀ wa pẹ̀lú kìkì ohun tó sanwó fún. Mo yí èkejì, mo rí i pé àwọn méjèèjì bára mu géérégé, mo sì fi í ṣe ènì fún Fúnṣọ́. Mo ní bí ti àkọ́kọ́ bá tún là, ó ti ní òmíràn nílé. Inú rẹ̀ dùn, ó ní ọwọ́ mi á máa lọ sókè. Mo kọ rìsíìtì fún un: ìdìmú dúdú, ẹyọ kan. Ta ló ń kọ ènì sínú rìsíìtì?

Mo gbàgbé ọ̀rọ̀ náà pátápátá. Bààlúù já ní ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà, n kò so méjèèjì pọ̀ rárá.

Nínú oṣù kẹsàn-án ni obìnrin kan wọ ṣọ́ọ̀bù mi, ó wọ kóòtù dúdú nínú ooru yẹn. Moyọ̀sọ́rẹ lorúkọ rẹ̀, òun ni lọ́yà tó ń gbẹjọ́ Olúwafẹ́mi rò. Ó mú ẹ̀dà rìsíìtì mi jáde, pẹ̀lú ọwọ́ kíkọ mi tí o máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní iléeṣẹ́ ọ̀hún ló fi í ránṣẹ́ sí kọ́ọ̀tù. Lẹ́yìn náà ló gbé fọ́tò kan lé orí tábìlì. Wọ́n ya ọ̀pá méjèèjì yẹn nínú àfọ́kù bààlúù, èéfín ti ra wọ́n lára, ṣùgbọ́n ìdìmú wọn ṣì wà lórí wọn. Róbótó ni méjèèjì. Adéyẹmí, ṣé ìyá lè rí ọmọ rẹ̀ kó má mọ̀ ọ́n? Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni méjèèjì.

Lọ́yà náà fẹ̀sọ̀ ṣàlàyé. Ó ní àwọn tó ṣe bààlúù ti kọ̀wé láti òkè òkun pé pẹlẹbẹ ni ìdìmú ìyẹ́ tàwọn, pé àwọn kò fi róbótó méjì sórí ọ̀pá rí. Iléeṣẹ́ ní irọ́ ni, pé lọ́wọ́ ẹlòmíràn làwọn ti ra bààlúù náà ní àlòkù, pé bó ṣe wà nìyẹn láti ọdún méjì, Olúwafẹ́mi sì ti ń fi ọwọ́ mú un láti ọdún méjì, ó yẹ kó ti mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní ìdìmú kan péré làwọn fi síbẹ̀, ti ẹsẹ̀, rìsíìtì rẹ̀ ló sì wà níwájú adájọ́ yẹn. Lọ́yà ní bó bá jẹ́ láti ọdún méjì, ẹ̀bi ọmọ náà ni. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ yẹn ni ẹnì kan yí i padà láìsọ fún un, ọ̀rọ̀ di òmíràn. Ó wò mí lójú. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹyọ mélòó lẹ ṣe?"

Mo ní, "Ẹyọ kan ni. Ṣebí ẹ rí i nínú rìsíìtì."

N kò mọ ibi tí ó ti jáde. Ẹnu mi ti dáhùn kí n tó ronú. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó ní kí n fọwọ́ sí i, mo fọwọ́ sí i. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó kó ìwé rẹ̀, ó rọra jáde. N kò sìn ín dé ẹnu ọ̀nà.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni Fúnṣọ́ yọjú. Ó ti gbẹ, aṣọ ń fẹ́ lórí rẹ̀ lásán. Ó bá mi jókòó sórí bẹ́ńṣì, ó sì sọ gbogbo rẹ̀. Ní Ọjọ́rú ni wọ́n fi ìdìmú mi sórí ọ̀pá ẹsẹ̀. Èyí tó pẹlẹbẹ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ti ha, etí rẹ̀ kan ti jẹ. Ọ̀gá mẹ́káníìkì wò ó, ó ní èyí tuntun ń dán, ó wá jẹ́ kí èyí àtijọ́ máa tini lójú, bẹ́ẹ̀ ọ̀gá àgbà iléeṣẹ́ ń bọ̀ wá wo bààlúù ní ọjọ́ kejì. Ó bi Fúnṣọ́ pé ṣé kò ní irú tuntun yẹn mìíràn ní sítọ́ọ̀. Fúnṣọ́ ní òun ní, pé ọ̀kan wà nílẹ̀ tí wọ́n fi ṣe ènì fún òun. Ihò rẹ̀ bá ọ̀pá kejì mu. Wọ́n dè é mọ́ ọn, gbogbo wọn sì ní ó rẹwà. Kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sínú ìwé, nítorí ohun tí kò wọlé pẹ̀lú rìsíìtì, inú ìwé wo ni wọ́n máa kọ ọ́ sí?

Fúnṣọ́ kì í ṣe ènìyàn burúkú o. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mi, nínú èérún igi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ẹ dákun. Ọmọ mẹ́rin ló wà lọ́rùn mi. Bí ẹ bá sọ̀rọ̀, èmi àti ẹ̀yin la máa jọ wọ jẹ́lù. Ẹ ti sọ pé ẹyọ kan, ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Páílọ́ọ̀tì yẹn kàwé, ó ní lọ́yà, wọ́n á fi í sílẹ̀." Mo gbé e dìde. Mo ní kó máa lọ, pé n kò ní sọ nǹkan kan. Inú mi sì dùn pé ó bẹ̀ mí, nítorí ó wá dà bí ẹni pé nítorí tirẹ̀ ni mo fi ń dákẹ́.

Mo gbìyànjú láti bá iṣẹ́ mi lọ. Ìwọ ọmọ Òṣómàáló, tí oníbàárà kì í rí ẹyọ ènì kan gbà lọ́wọ́ rẹ bó ti wù kó bẹ̀ ọ́ tó, mo ronú kàn ọ́ gan-an lásìkò yìí. Mo ní ká ní ọ̀dọ̀ Adéyẹmí ni Fúnṣọ́ gbé iṣẹ́ yẹn lọ, ènìyàn mẹ́sàn-án ì bá ṣì wà láyé. Má bínú, mo tilẹ̀ bínú sí ọ pé ahun ni ọ́ tí nǹkan fi ń dára fún ọ. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà gbé mi dé nìyẹn.

Lẹ́yìn náà ni Ihsan wá, opó Ubaydullah. Ó wá ra orógùn méjì. Mo mú èyí tó dára jù fún un, n kò fẹ́ gba owó, ó ní kí n gbà á. Ó wá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín àkọ́kọ́ tí mo rí lójú rẹ̀ látìgbà náà, ó ní, "Bàbá, ènì mi dà?" Apẹ̀rẹ̀ ṣíbí igi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níbẹ̀. Mo ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, ọwọ́ mi sì dúró sínú rẹ̀. N kò lè mú nǹkan kan jáde. Mo ní ènì ti tán. Ó wo apẹ̀rẹ̀, ó wò mí, ojú tì í, ó ní kò burú, ó sì lọ. Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn, Adéyẹmí. Mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ní ọ̀sán gangan, mo sunkún.

Síbẹ̀, n kò lọ sọ. Má rò pé ènìyàn rere ni mí. Ohun tó mú mi lọ ni ọ̀pá ìtìlẹ̀.

Ìyá Olúwafẹ́mi gbé ọ̀pá tí ọmọ rẹ̀ fi ń rìn wá bá mi ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, ibi tí wọ́n ń fọwọ́ dì mú lára rẹ̀ ti yẹ̀. Kò mọ ẹni tí mo jẹ́ o. Àwọn ará Ìta Fájì ló júwe mi fún un pé mo mọ iṣẹ́. Ó yẹ kí n wọn àtẹ́lẹwọ́ ọmọ náà kí ìdìmú tuntun má bàa há a lọ́wọ́, n kò sì mọ irọ́ tí mo lè pa láti yẹ̀ ẹ́. Mo tẹ̀ lé e lọ.

Ọmọ náà jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lórí àpótí. Ó kí mi dáadáa, ó ní, "Ẹ káàsán, sà. Ẹ má bínú pé n kò lè dìde." Bí a ṣe ń sọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ wà níta, ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì rẹ̀ kò dúró. Á nà án síwájú díẹ̀, á ká ìka mọ́ nǹkan tí kò sí níbẹ̀, á fà á sókè. Á tún ṣe é. Ìyá rẹ̀ rí i pé mo ń wò ó, ó ní bó ṣe máa ń ṣe láràárọ̀ dalẹ́ nìyẹn.

Mo mú igi róbótó kan látinú àpò mi kí n lè fi wọn àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó yẹ kí n ti ronú. Bí mo ṣe fi í sí i lọ́wọ́ tó sì pa ọwọ́ dé, ojú rẹ̀ yí padà. Ó di ọrùn ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Bàbá, róbótó ni mo mú. Wọ́n ní kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, mo sọ fún wọn pé ọwọ́ mi wá róbótó, ó bá róbótó, ni mo fi fà á. Wọ́n ní ṣebí róbótó ni méjèèjì, kí ni mò ń sọ. Kò rí bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ Ajé, sà. Bààlúù kan náà ni mo gbé lọ sí Kánò ní ọjọ́ Ajé yẹn. Pẹlẹbẹ ni. Àbí orí mi ni kò pé mọ́? Bó bá jẹ́ orí mi ni, kí ẹnì kan sọ fún mi."

Ìyá rẹ̀ ní kó fi mí sílẹ̀, pé oníṣẹ́ ni mí, kí ni mo fẹ́ mọ̀ nípa ìyẹn. Ó fi mí sílẹ̀, ó sì tọrọ àforíjì. Ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi, Adéyẹmí.

N kò wọn ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Mo ní màá padà wá. Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun di ọjọ́ Jímọ̀, n kò mọ bí mo ṣe lò ó. Bí a ṣe kírun Jímọ̀ tán, mo gba ọ́fíìsì lọ́yà lọ tààrà kí n tó lè yí ọkàn padà, mo sì sọ gbogbo rẹ̀. Mo rò pé inú rẹ̀ á dùn. Kò rẹ́rìn-ín rárá. Ó gbé bírò sílẹ̀, ó ní kí n mọ ohun tí mò ń wọ̀. Ó ní wọ́n á mú ìwé tí mo fọwọ́ sí jáde, wọ́n á pè mí ní òpùrọ́ lójú gbogbo ayé, ìjọba lè fi ẹ̀sùn kàn mí, àwọn ẹbí àwọn tó kú sì lè pè mí lẹ́jọ́. Ó ní òun kò lè gba ẹjọ́ tèmi mọ́ ti Olúwafẹ́mi, kí n lọ wá lọ́yà tèmi.

Mo bi í pé, "Ṣé èmi ni mo pa wọ́n?" Ó ní òfin á bi ẹni tó mọ ohun tí ìdìmú yẹn wà fún tó sì tún fi í síbi tí kò yẹ, á bi iléeṣẹ́ tí kò sọ fún páílọ́ọ̀tì. Ó ní, "Ẹ̀yin kò mọ̀ nínú oṣù karùn-ún, Bàbá. Ṣùgbọ́n nínú oṣù kẹsàn-án, ẹ ti mọ̀, ẹ sì sọ fún mi pé ẹyọ kan."

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kàn ọ́ nìyí. Lọ́yà ní kí ni a máa fi han adájọ́ pé èmi ni mo ṣe èkejì, yàtọ̀ sí ẹnu mi tí mo ti fi parọ́. Ìgbà náà ni mo rántí ilà. O rántí pé ọ̀gá wa fún oníkálukú wa ní àmì tirẹ̀ lọ́jọ́ fíríìdọ́ọ̀mù, ilà méjì fún ìwọ, mẹ́ta fún èmi, inú ihò ni ká sì máa fín in sí níbi tí ojú kò tó. Mo fín in sínú méjèèjì. Bí wọ́n bá tú ìdìmú orí ọ̀pá ìyẹ́ yẹn níwájú adájọ́, wọ́n á bá ilà mẹ́ta níbẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́yà iléeṣẹ́ á ní ẹnikẹ́ni ló lè fín ilà. Ọ̀gá wa ti kú. Kò sí ẹlòmíràn láyé yìí tó mọ̀ pé tèmi ni ilà mẹ́ta, àfi ìwọ.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù yìí, ni wọ́n máa pe ẹjọ́ náà. Bí o bá máa wá, kí o ti wà lọ́dọ̀ mi ní Ọjọ́rú. Mú nǹkan kan tí o ti ṣe pẹ́ dání, tí ilà méjì wà nínú rẹ̀. N kò ní tàn ọ́, wọ́n á da ìbéèrè bò ọ́, ó sì lè jẹ́ ojú rẹ ni ọlọ́pàá á ti mú mi. Mo ti lọ sọ fún Fúnṣọ́ pẹ̀lú pé mo ti sọ̀rọ̀. Kò bú mi. Ó kàn wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

Nígbà tí mo sọ fún Ganiat, ó ní ta ló rán mi níṣẹ́, ṣé ọmọ tèmi ló wà lẹ́jọ́ ni. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ òní mo bá a níbi tó ti ń fi áyọ́ọ̀nù lọ agbádá funfun mi, èyí tí mo máa ń wọ̀ lọ́jọ́ ọdún. Mo bi í pé kí ló fẹ́ fi ṣe. Ó ní ṣé àkísà ni mo fẹ́ wọ̀ lọ síwájú adájọ́ ni. Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀, fún bí wákàtí kan.

Bá mi kí ìyàwó rẹ. Kí Màmá, sọ fún wọn pé mo ń bọ̀ wá jẹ iyán wọn bí Ọlọ́run bá yọ mí. Kí gbogbo àwọn ọmọ, sì sọ fún Fìyìnfólúwa pé kó tẹjú mọ́ ìwé rẹ̀.

Ó yá, mú ìdì yẹn báyìí. Kí o tó tú u, di ojú rẹ. Mo tún ra irú ike yẹn, mo fi yí ìdìmú méjì bí mo ṣe yí wọn nígbà yẹn. Mo fi ẹfun kọ "ẹsẹ̀" sábẹ́ ọ̀kan, mo kọ "ìyẹ́" sábẹ́ èkejì. Kí ìyàwó rẹ tò wọ́n síwájú rẹ, kó má sọ èyí tó jẹ́ èyí. Ìwọ tí o ti ń fi ọwọ́ mọ igi láti ọgbọ̀n ọdún, nawọ́, mú ẹsẹ̀ fún mi. Ṣe é lẹ́ẹ̀mẹwàá, kó máa tún wọn tò nígbà kọ̀ọ̀kan. Bí o bá mú ẹsẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹwẹ̀ẹ̀wá, jókòó sí Iléṣà, ọmọ yẹn jẹ̀bi. Bí ìyẹ́ bá bọ́ sí ọ lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, wọ mọ́tò, kí o máa bọ̀.

                                                            Èmi ni tìrẹ, onílà mẹ́ta,
                                                            Mọ̀núrù.